Ọ̀fun Wúrà Fẹ́ Kí Àwo Sọ̀rọ̀ Kedere

Ó ti lé ní ogójì ọdún tí Ọ̀fun Wúrà ti dúró láàrin akọrin kẹ́yìn, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ kan tí kò fi tọ́jú ohùn rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀, á yára fi ìborùn wé ọrùn. Bí wọ́n bá gbé omi tútù síwájú rẹ̀, á wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé májèlé fún. Kì í dáhùn ìkíni láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan gògóńgò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó lè dá a lójú pé ìṣúra náà ṣì wà níbi tó fi í sí.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ọ̀fun Wúrà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin fi tiwọn kún un: Baba Gògóńgò, Akọrin-má-kọrin, Ohùn-ń-bẹ-nílé-kò-jáde. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń gbọ́, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí oríkì ló pè é. Káfíńtà kan láàrin wọn nìkan ni kò yí orúkọ padà. Wọ́n jọ dàgbà ni. Àkèré ni gbogbo ọmọ àdúgbò ń pe Ọ̀fun Wúrà nígbà èwe, Àkèré náà ni káfíńtà ṣì ń pè é, ì báà jẹ́ níwájú àlejò.

"Àkèré, kọ ẹyọ orin kan fún wa."

"Ohùn yìí kì í ṣe ohun tí à ń ná lójoojúmọ́."

"Ìgbà wo la ó wá ná an? Ìwọ náà ń dàgbà."

"Ó wà nínú àwo orin wa. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, lọ bá a níbẹ̀."

Àwo tó ń sọ yìí, òun ni gbogbo ọlá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ṣe àwo láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, inú gbọ̀ngàn wọn gan-an ni wọ́n sì ti gbà á sílẹ̀. Fọ́tò àwọn akọrin wà lára páálí rẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Láàrin gbùngbùn wọn ni Ọ̀fun Wúrà wà, tó la ẹnu débi pé ènìyàn lè ka eyín tó wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ní òpin ojú kejì àwo náà, nígbà tí orin tó gbẹ̀yìn bá dé ìdajì, àwọn akọrin á dákẹ́, ohùn ńlá kan á sì dá jáde. Wọn kò kọ orúkọ olóhùn náà sára páálí. Àwọn tí wọ́n wà nínú fọ́tò ti kú tán tàbí kí wọ́n ti lọ jìnnà, ó ku Ọ̀fun Wúrà nìkan. Ó ní òun ni. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Ẹnu rẹ̀ nìyẹn nínú fọ́tò.

Ní ọdún kìíní, ó mọ̀ pé òun ń parọ́. Ní ọdún kẹwàá, kò dá a lójú mọ́. Nígbà tí ogójì ọdún fi pé, bí wọ́n bá jí i lójú oorun, á sọ bí àyà rẹ̀ ṣe rí kó tó gbé ohùn náà, àti bí ojú àwọn tó ń gbọ́ ọ ṣe kún fún omijé. Irọ́ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé ibi tó ti rí i.

Ẹ̀rọ àwo tí ẹgbẹ́ ní náà sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀rọ yìí ti gbó. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń fò bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Ọ̀fun Wúrà fúnra rẹ̀ ló lẹ owó ẹyọ méjì mọ́ orí apá tó gbé abẹ́rẹ́ náà dání kó lè dúró jẹ́ẹ́. Ó dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti sún mọ́ àárín àwo, níbi orin tó gbẹ̀yìn, ohun tí à ń gbọ́ kò yàtọ̀ sí òróró tó ń ta nínú páànù gbígbóná. Abẹ́ ariwo yẹn ni ohùn ńlá náà wà. Kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá ti ọkùnrin ni tàbí ti obìnrin.

Ká ní ó fi mọ bẹ́ẹ̀ ni, kì bá tí sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀fun Wúrà wá fẹ́ yàrá.

Yàrá kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tí fèrèsé rẹ̀ tóbi, tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ máa ń wọ̀ dáadáa. Ìyá Aránṣọ ló wà níbẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rán aṣọ funfun fún àwọn akọrin. Ẹgbẹ́ ló fún un láyè. Kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀. Ilé tó ń sùn kò fẹ̀ ju ibùsùn rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá mú yàrá yìí lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tán nìyẹn.

Ọ̀fun Wúrà ní kí wọ́n sọ ibẹ̀ di Yàrá Ohùn. Àga tó ń jókòó sí á wà níbẹ̀, fọ́tò rẹ̀ á wà lára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìborùn rẹ̀ àtijọ́ á wà nínú dígí. Ó ti wọn fèrèsé fún aṣọ tuntun. Ó ti ní kí wọ́n kun pátákó tí wọn yóò gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó kù kí ẹgbẹ́ dìbò. Ó yà sí yàrá náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti ṣàánú Ìyá Aránṣọ.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ ti ń palẹ̀ mọ́?"

Ìyá náà ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì lọ. "Wọ́n ti dìbò ni?"

"Ní ọkàn tèmi, ó ti parí."

"Ẹ jẹ́ kó parí ní ọkàn tiwọn náà."

"Mo kàn ń ro ti máṣíìnì yẹn ni. Ibo lẹ máa gbé e sí?"

"Ilé. Bí ibùsùn mi bá jáde, máṣíìnì á ráyè wọlé." Ó já òwú sí eyín. "Ẹ bá mi sún díẹ̀, ẹ dí ìmọ́lẹ̀ mi."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Alága wọn, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, sọ ọ́ síta: "Bàbá, a kò lè lé ìyá àgbàlagbà kúrò nínú yàrá nítorí ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ yékéyéké rí. Ariwo la máa ń gbọ́."

"Ẹ̀rọ ló ní ariwo, èmi kò ní."

"Ẹ jẹ́ ká tún ẹ̀rọ ṣe nígbà náà. Ní Sátidé, a ó gbọ́ àwo, a ó sì dìbò."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Ọ̀fun Wúrà nínú. Ó ní òun ni yóò wá ẹni tó máa tún un ṣe, kò sì ní jẹ́ oníṣẹ́ yẹpẹrẹ. Bó ṣe wá Oníṣẹ́-aago rí nìyẹn, obìnrin kan tí kì í sáré, tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó máa ń fi gíláàsì kékeré sójú kan láti wo inú aago. Wọ́n ní bí ó bá fọwọ́ kan nǹkan, kì í fi í sílẹ̀ títí yóò fi tọ́.

Ó dé ní Ọjọ́bọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ṣí owó ẹyọ méjèèjì kúrò.

"Kí lèyí?"

"Ìyẹn ló ń mú un dúró," ni Ọ̀fun Wúrà wí.

"Ìyẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí mo bá gbé àpò sìmẹ́ńtì lé yín léjìká, ẹ̀yin náà á dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní í rìn."

Ó tú abẹ́rẹ́ àtijọ́ kúrò, ó fi tuntun sí i. Ó gbé irin olómi tí àwọn káfíńtà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan tẹ́jú lé ẹ̀rọ náà lórí, ó rí i pé kò tẹ́jú, ó sì ki bébà wẹ́wẹ́ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló wá yí irin ìdí apá náà díẹ̀díẹ̀, síwájú, sẹ́yìn, títí apá náà fi léfòó nínú afẹ́fẹ́, tí orí rẹ̀ kò ga, tí kò sì tẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ó ní ẹni tí kò bá kọ́kọ́ jẹ́ kó léfòó, òfo ni gbogbo nọ́ńbà tó bá kà lára irin náà. Ó yí irin náà padà díẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ lé òṣùwọ̀n kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.

"Kò tíì pé gíráàmù méjì," ó wí. "Ó tó."

"Gíráàmù méjì fún ohùn tó tóbi tó báyìí? Ẹ fún un ní márùn-ún."

"Abẹ́rẹ́ ni mò ń wọ̀n, Bàbá. N kò wọ̀n yín."

Lẹ́yìn náà ló mú páálí kan jáde tí wọ́n fa ìlà wẹ́wẹ́ sí, tó ní àmì méjì, ọ̀kan jìnnà sí àárín, èkejì sún mọ́ ọn. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ bí àwo. Ó gbé ẹnu abẹ́rẹ́ lé àmì òde, ó fi gíláàsì sójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí abẹ́rẹ́ náà bá ìlà mu gẹ́rẹ́. Ó gbé e lọ sí àmì inú. Ó yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ bàtà kan rìn. Ó tú nọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́ méjì tó dè é mọ́ apá, ó tì í síwájú, kò tó ìnípọn èékánná, ó sì tún dè é. Ó gbé e padà sí àmì òde. Ti òde náà ti yà. Ó tún tú u.

Ọjọ́ ń lọ. Ọ̀fun Wúrà jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Ìyá Aago, ṣé kò tíì tó báyìí?"

"Bí ẹ bá ń kánjú, a lè fi í sílẹ̀. Ní òde, ó ti dára. Apá àárín ló kù. Àwọn orin ìbẹ̀rẹ̀ á dùn, ariwo díẹ̀ á kàn wà nínú èyí tó gbẹ̀yìn."

Ọ̀fun Wúrà fò dìde. "Èyí tó gbẹ̀yìn ni tèmi. Ẹ má fi ariwo kankan sí i."

"Á gba ọ̀la pẹ̀lú."

"Ẹ gba ọ̀la. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gba òru mọ́ ọn."

"N kì í ṣiṣẹ́ òru." Ó yọ gíláàsì kúrò lójú, ó wò ó. "Ṣé ó dá yín lójú pé ẹ fẹ́ kó hàn kedere tó bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá Aago, mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èémí mi láàrin ọ̀rọ̀ kan sí èkejì."

"Mo gbọ́."

"Ṣùgbọ́n àwo náà ti gbó. Ṣé abẹ́rẹ́ àtijọ́ yẹn kò ti ba ibi tèmi jẹ́?"

"Òkè ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ ń tọ̀ lára àwo ló bà jẹ́. Ó nípọn, kò lè wọlé. Tuntun yìí tín-ín-rín, ìsàlẹ̀ ló máa rìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé. Ohun tó bá wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀, á gbé e wá."

Inú Ọ̀fun Wúrà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin.

Nígbà tí iṣẹ́ parí lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà ní kó gbé àwo náà wá kóun fi dán ẹ̀rọ wò. Ọ̀fun Wúrà kọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn òun ṣáájú Sátidé, kódà òun fúnra òun. Oníṣẹ́-aago mú àwo tirẹ̀ jáde nínú àpò, ọ̀kan tí wọ́n fi máa ń kọ́ ọmọdé ní ònkà, ó sì jókòó tẹ́tí sí i láti ení títí dé ọgọ́rùn-ún láìṣẹ́jú. Ó ní ẹ̀rọ ti tọ́. Ó kó irin rẹ̀, ó lọ.

Ní ọ̀sán Sátidé, gbogbo àga inú gbọ̀ngàn ló kún. Pátákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ìyá Aránṣọ nìkan ni kò wá. À ń gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Oníṣẹ́-aago jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀fun Wúrà wé ìborùn tuntun, ó mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ẹ̀kún ẹnu kan, ó fọwọ́ kan gògóńgò.

"Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́," ó wí, "ọjọ́ pẹ́ tí a ti ń fi ariwo dà mí láàmú. Wọ́n ti tún ẹ̀rọ yìí ṣe débi tí kò lè parọ́ mọ́. Ó ti rí gbogbo ìtọ́jú tó yẹ. Èmi ni mo dúró tì í. Ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ jáde lónìí, ẹ gbà pé ẹnu mi ló ti jáde. Ẹni tí kò bá gbà á lẹ́yìn èyí, kó lọ ṣàyẹ̀wò etí rẹ̀."

Alága gbé bírò sókè. "Ṣé kí n kọ ìyẹn sínú ìwé ìpàdé?"

"Ẹ kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Oníṣẹ́-aago rọra gbé abẹ́rẹ́ lé orin tó gbẹ̀yìn.

Kò sí òróró tó ń ta. Kò sí páànù. Akọrin wọlé, ó sì dàbí ẹni pé wọ́n dúró síbẹ̀ gan-an lórí pèpéle. Ènìyàn ń gbọ́ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A gbọ́ àga kan tó dún. A gbọ́ ẹnìkan tó wúkọ́ lẹ́yìn, tó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń wojú ara wọn. Ọ̀fun Wúrà ti di ojú, ó na àyà síwájú, ó ń dúró de ara rẹ̀.

Akọrin dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, níbi tí ariwo ti máa ń pọ̀ jù tẹ́lẹ̀, ohùn ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn àgbà inú wọn mọ̀ ọ́n. Olùdarí wọn tó ti kú lọ́jọ́ tó pẹ́ ni, wọ́n sì ti jẹ ìyà lábẹ́ ohùn yẹn.

"Àkèré, dákẹ́. Ẹnu nìkan ni kí o máa là. Aránṣọ, ó yá."

Ohùn ńlá náà wá dìde. Ohùn obìnrin ni, ó jinlẹ̀, ó fẹ̀, kò kánjú. Ó gun òkè láìgbọ̀n, ó dúró níbẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó mọ iye àtẹ̀gùn tó wà níwájú rẹ̀. A gbọ́ èémí rẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀ kan sí èkejì.

Ọ̀fun Wúrà la ojú. Ohun tí kò rántí láti ogójì ọdún ló dúró níwájú rẹ̀: ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wá wọn aṣọ fún wọn, tí téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, tí olùdarí ní kó bọ́ sí ipò ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó wá, àti ọwọ́ olùdarí náà ní àyà tirẹ̀, tó ń tì í sẹ́yìn jẹ́jẹ́.

Orin parí. Káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè.

"Àkèré."

Ẹnìkan lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, ó gbìyànjú láti sọ ọ́ di ikọ́, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn.

"Ẹ dúró," ni Ọ̀fun Wúrà wí. "Ẹ̀rọ yìí kò tọ́. Ìyá Aago, ẹ dá owó ẹyọ yẹn padà sí i."

"Kí ló ṣe é, Bàbá? Ṣé kò hàn kedere ni?"

"Ó hàn ju bó ṣe yẹ lọ."

Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ọ. Gbogbo gbọ̀ngàn náà gbọ́ ọ. Alága fi ìka tọ ìlà nínú ìwé ìpàdé, ó kà á jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń ka oògùn fún aláìsàn: "Ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ jáde lónìí, ẹ gbà pé ẹnu mi ló ti jáde." Ó ti ìwé. "A ti gbà. Ó ku ìbò. Ẹni tó bá fẹ́ kí Ìyá Aránṣọ kúrò nínú yàrá, kó nawọ́."

Kò sí ọwọ́ kankan. Ọ̀fun Wúrà fi tirẹ̀ méjèèjì sáàárín itan.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Aránṣọ. Ìró máṣíìnì dá. Ó wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ní àyà aṣọ, ojú rẹ̀ sì ń wá ẹni tó máa sọ fún un pé kó máa kó ẹrù. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n fún un ní àga, wọ́n sì tún fi orin náà sí i. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan títí ó fi parí.

"Mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó wọ inú orin yẹn," ó wí.

"Mà, kí ló dé tí ẹ kò sọ?" ni alága bi í.

"Mo sọ ọ́, ní ọdún náà gan-an. Wọ́n ní ṣé abẹ́rẹ́ mi ló kọ ọ́. Mo bá padà sídìí iṣẹ́ mi." Ó gba páálí àwo náà, ó wo fọ́tò tó wà lára rẹ̀ títí, ó sì wo Ọ̀fun Wúrà. "Ẹ̀yin náà gbìyànjú lọ́jọ́ náà, Bàbá. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó la ẹnu tó yín."

Ẹ̀rín tún sọ. Ìyá Aránṣọ kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé páálí náà kalẹ̀, ó gbọn òwú kúrò lára aṣọ.

"Kò tíì pẹ́ jù. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ wá bá mi nínú yàrá lọ́jọ́ Ajé, n ó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn jáde. Ẹ gbé àga yín dání. Ẹyọ kan ni mo ní níbẹ̀, èmi ni mo sì ń jókòó sí i."

Gbogbo ojú inú gbọ̀ngàn yí sí ọ̀dọ̀ Ọ̀fun Wúrà. Ó tú ìborùn kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó tún ká a. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn náà tín-ín-rín débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ní láti na ọrùn.

"Aago mélòó ni kí n dé?"